Oní-ìpín Tí Báńkì Rẹ̀ Kò Yá Lówó

Ìdànrè, ní ìparí ọdún 2025. Ẹ̀gbọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń tà á fún àwọn tó ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun. Kò gbé ìlú mìíràn rí. Àbúrò rẹ̀ ti pẹ́ ní Amsterdam, èbúté tí kòkó ń gbà wọ Yúróòpù jù lọ. Ilé ìkẹ́rùsí ló ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó padà wálé.

Ẹ̀gbọ́n: Bá mi wo ìwé yìí. Báńkì ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń ta ìpín tuntun, àwa tá a ti ní ìpín lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀.

Àbúrò: Mo ti rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe báńkì tiyín nìkan. Ní March 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé báńkì tó bá fẹ́ máa ṣòwò dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò 500 bílíọ̀nù náírà. Èyí tí òwò rẹ̀ bá mọ sí Nàìjíríà, 200 bílíọ̀nù. Ìparí March 2026 ni wọ́n dá fún wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa wá owó kiri.

Ẹ̀gbọ́n: A ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 2004, nígbà tí Soludo jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀, láti 2 bílíọ̀nù ni wọ́n ti gbé e lọ sí 25 bílíọ̀nù. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Kí 2005 tó parí, wọ́n ti para pọ̀ di 25. Ìwọ ti lọ, o ò bá wa rí bí ìpín ṣe wọ àárín ìlú. Olùkọ́ rà, awakọ̀ rà, ìyá aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítọ́ọ̀ mi rà; àwọn mìíràn yáwó rà á. Ní March 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín l'Ékòó kọjá 66,000. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Ní August 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó di 2011, ìjọba gba báńkì mẹ́ta, orúkọ wọn sì pa rẹ́. Ìpín mi wà nínú ọ̀kan lára wọn. Kò sẹ́ni tó fún wa ní kọ́bọ̀.

Àbúrò: Ẹ ò ní ra èyí nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n: Ẹni ejò ti bù jẹ rí, ekòló ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ní September, nígbà tí ìkórè ńlá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí báńkì yìí kan náà pé kí wọ́n yá mi lówó tí n ó fi ra kòkó. Ọ̀dọ́kùnrin tó dá mi lóhùn kí mi dáadáa. Ó ní kí n mú C of O, ìwé ẹ̀rí onílẹ̀, ti ilé wá, ilé náà sì gbọ́dọ̀ wà l'Ákùúrẹ́ tàbí l'Ékòó. Ó ní èlé rẹ̀ jẹ́ 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Mo sọ fún un pé kòkó wà nínú sítọ́ọ̀ mi, gbígbẹ, tí mo ti wọ̀n. Ó ní báńkì kì í gba kòkó. Báńkì tí èmi náà wà lára àwọn tó ni ín!

Àbúrò: Àwa ń gba kòkó yẹn ní Amsterdam. Bí a bá ṣí kọ̀ǹténà, a ó bù díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn àpò, a ó ka ẹyọ 300, a ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òòró, a ó sì tò wọ́n sórí pátákó. Èyí tó bu, a kà á sọ́tọ̀. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, a kà á sọ́tọ̀. Èyí tí inú rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ eérú, a mọ̀ pé àgbẹ̀ kò jẹ́ kó pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó sá a. Lẹ́yìn náà ni ilé ìkẹ́rùsí máa kọ ìwé: iye àpò, ìwọ̀n rẹ̀, bó ṣe dára tó. Olówó kòkó á mú ìwé yẹn lọ sí báńkì, báńkì á sì yá a lówó lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2023 tí èlé tiwọn ga, Báńkì Àpapọ̀ Yúróòpù kò gbé e kọjá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Báńkì Àpapọ̀ tiwa wà lórí 27 báyìí, káwọn báńkì yòókù tó fi tiwọn lé e.

Ẹ̀gbọ́n: Kòkó Ìdànrè tó ohun ìdógò nígbà tó bá dọ́dọ̀ òyìnbó, kò sì tó o nílé bàbá rẹ̀.

Àbúrò: Owó wà lórí kòkó náà láti Ìdànrè títí dé ilé àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì. Ẹni tó bá rówó yá ní èlé kékeré ló ń jẹ èrè ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n jù yín lọ.

Ẹ̀gbọ́n: Ṣùgbọ́n má di gbogbo ẹ̀bi ru báńkì. O ò sí níbí ní 2024. Nígbà òjò tó ṣáájú, a ti fún àwọn àgbẹ̀ lówó sílẹ̀: owó oògùn, owó ilé-ìwé ọmọ, owó ìsìnkú. Àdéhùn wa ni pé kòkó wọn máa wá sọ́dọ̀ wa. Àfi bí owó kòkó ṣe fò sókè. Ní March 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní New York. Ní December, ó kọjá 12,000. Àwọn àjòjì ń gbé owó nínú báàgì wá sí oko. Àgbẹ̀ tó jẹ mí lówó ta kòkó rẹ̀ fún wọn lóru. N kò lè bínú sí i tán, torí ọdún mélòó ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti kàn án lójú? Àwa tó yá owó báńkì, gbèsè wá wà lọ́rùn wa láìsí kòkó. Ọ̀dọ́kùnrin báńkì yẹn mọ ìtàn náà. Nísinsìnyí owó ti já wálẹ̀ kọjá ìdajì, àwọn tó ra kòkó lówó ńlá ń wo àpò lójú.

Àbúrò: Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ yín kì í wo àpò lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ra kòkó ni wọ́n ń ta àdéhùn tó ṣe déédéé rẹ̀ lọ́jà London tàbí New York. Bí owó bá já, èrè orí àdéhùn á dí àdánù orí kòkó.

Ẹ̀gbọ́n: Ta ló máa ṣe ìyẹn fún mi? Èmi tí n kò rí dọ́là sójú? Ẹni tó ń kó o lọ ní Èkó ló ń gba dọ́là. Òun ló kọ fọ́ọ̀mù NXP tí wọ́n ń kọ fún ọjà tó ń lọ sókè òkun, òun ló ní 180 ọjọ́ láti mú owó náà wọlé. Náírà ló ń san fún wa. Nígbà tí náírà wó lulẹ̀ ní June 2023, àwọn tó ní dọ́là lọ́wọ́ ló jèrè rẹ̀.

Àbúrò: Báńkì ló yẹ kó ṣe é fún yín. Báńkì tó ń wá 500 bílíọ̀nù kó lè ṣòwò dé òkè òkun, kí ni yóò fi lọ sí òkè òkun bí kò bá mọ kòkó?

Ẹ̀gbọ́n: Ìjọba ni yóò yá lówó. Mo mọ ìyẹn.

Àbúrò: Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní 2024, ìwé gbèsè ìjọba tó jẹ́ ọlọ́dún kan ń san ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò ní kí wọ́n la kòkó kan, kò ní kí wọ́n wá sí Ìdànrè.

Ẹ̀gbọ́n: Ohun kan wà tó ti bàjẹ́ tí ìwọ kò mọ̀. Nígbà Bọ́ọ̀dù Kòkó, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ra kòkó, àwọn onígíréèdì ń wá sí sítọ́ọ̀. Wọ́n ń la kòkó bí ẹ ṣe ń là á yẹn, wọ́n ń fi sàmì sí àpò. Bọ́ọ̀dù rẹ́ wa jẹ, n kò ní purọ́: iye tó ń san fún àgbẹ̀ kéré gan-an sí iye tí ayé ń rà á, owó tó ṣẹ́kù ni wọ́n sì fi kọ́ Ilé Kòkó n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa Bọ́ọ̀dù rẹ́ ní 1986, ìṣọ́ra náà bá a lọ. Ẹnikẹ́ni wá lè ra kòkó tútù, kó dà á pọ̀ mọ́ gbígbẹ. Bí báńkì bá sọ pé òun kò mọ ohun tó wà nínú àpò mi, kò parọ́ tán.

Àbúrò: Nígbà náà, ohun tí a máa béèrè nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú ìwé ìròyìn ọdọọdún tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá. Lẹ́yìn gbogbo àwòrán ọ̀gá, ibì kan wà tí wọ́n ti pín owó tí wọ́n yá jáde sí ọ̀nà-ọ̀nà: epo, ilé-iṣẹ́, ìjọba, iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ wo ti iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n: Mo rí i. Ó kéré. Ṣé ohùn èmi nìkan ni wọ́n máa gbọ́ nípàdé àwọn oní-ìpín? Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn olówó ńlá ló ń jókòó níwájú.

Àbúrò: Àwọn tó ń ra kòkó ní gbogbo agbègbè yìí, mélòó nínú wọn ló ní ìpín nínú báńkì kan náà?

Ẹ̀gbọ́n: Wọ́n pọ̀. Ayé Soludo ni wọ́n ti ní in.

Àbúrò: Fọ́ọ̀mù aṣojú wà lẹ́yìn ìwé náà. Kí gbogbo wọn kọ orúkọ yín sí i, kí ẹ bá wọn lọ dìbò. Bí ìpín tó wà lọ́wọ́ yín bá pé ìdá kan nínú mẹ́wàá, òfin gbà yín láyè láti pe ìpàdé fúnra yín. Mo mọ̀ pé kò ní pé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń wá owó lọ́wọ́ yín yìí, wọn ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n: N ó ra ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí ipò mi dín kù, kì í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bá mi kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Kọ ọ́ pé èló ni ẹ máa yá àwọn oníkòkó, lórí kòkó tó wà nílé ìkẹ́rùsí, kì í ṣe lórí ilé. Fi ti onígíréèdì sí i. Bí báńkì kò bá sọ ẹni tó máa la kòkó, tó máa fọwọ́ síwèé, tó sì máa san àdánù rẹ̀ bí ìwé náà bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé orí ilé náà ló tún máa padà sí.