Orúkọ Tí Mọ́tò Sọ Mí

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní Jágúà lónìí, ẹ̀rín ni ẹ ó rín. Nígbà tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní ọdún 1966, ẹkún ni ìyá mi sun.

Aṣọ ni ó fà á. Mo ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nígbà náà, mo sì rán gáùn kan fún ara mi tí ó bá mi mu rẹ́gí. Bí mo ti ń ti ọjà bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé kígbe pé, “Jágúà rèé o!” Inú mi dùn, nítorí mo mọ̀ pé mọ́tò olówó ni.

Mọ́tò náà tó ohun tí à ń fi ènìyàn wé lóòótọ́. Ní ọdún 1922, ní ìlú Blackpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Lyons àti William Walmsley dá iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe; ìjókòó tí a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù ni, irú èyí tí ọkọ lè gbé aya rẹ̀ sí. Ẹ ò rí nǹkan! Ọdún 1935 ni wọ́n tó fi orúkọ Jaguar, ẹranko kan tí ó jọ ẹkùn, pe mọ́tò wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1961, wọ́n ṣí aṣọ lójú E-Type ní ìlú Geneva. Iwájú rẹ̀ gùn, ó sún mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì ní ó lè sá tó máìlì 150 ní wákàtí kan. Malcolm Sayer tí ó ya àwòrán rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú rí, ó sì hàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà eléruku wa ìgbà náà, òkúta ìbá ti ha á níkùn kí ó tó dé Òkè-Ìlá.

Ọdún 1961 kan náà ni ìwé Cyprian Ekwensi, Jagua Nana, jáde. Ìtàn obìnrin Èkó kan ni, tí wọ́n fi mọ́tò yìí sọ lórúkọ nítorí ẹwà àti ìmúra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Tíṣà àdúgbò wa kan ni ó ro ìtàn náà fún ìyá mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gáùn mi ti wọ inú àpótí, ìyá mi sì ti so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

Ọdún méjì ni ó fi wà níbẹ̀. Mo bínú sí ìyá mi gan-an. Ìgbà tí mo bí ọmọbìnrin tèmi ni mo tó mọ ohun tí ń bà á lẹ́rù.

Ní ọdún 1968, ọkùnrin kan wá tọrọ mi. Ìyá mi bi í bóyá ó ti gbọ́ orúkọ burúkú tí wọ́n sọ mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ forí jì mí, màmá. Èmi ni mo kígbe lọ́jọ́ náà.”

Èmi ti mọ̀. Ìyá mi ni kò mọ̀. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ni ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi.