Ìbéèrè Ni Kó Rìnrìn-Àjò, Kì Í Ṣe Ẹrù

Ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ méjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní "Dátà mi ò tó," ẹ ní láti wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó mọ èyí tó ń sọ: ṣé dátà orí fóònù ni, àbí èyí tó fẹ́ fi kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ? Ní ìpele kẹrin yìí ni mo wá rí i pé ọ̀kan lè jẹ èkejì run.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí ohùn nínú ọ̀rọ̀ àyálò. Ẹ wo búrẹ́dì, kíláàsì àti bíléèdì. Gẹ̀ẹ́sì to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá kì í gba irú rẹ̀, nítorí náà a fi fáwẹ̀lì kan là wọ́n láàárín. Ohun tí mo ń wá ni ohùn tí àwọn ènìyàn ń fi sórí fáwẹ̀lì yẹn, àti bóyá ó ń yí padà láti ìlú kan sí òmíràn. Mo kó ọ̀rọ̀ 214 jọ, mo tò wọ́n sínú dátábéèsì PostgreSQL lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kò tó. Àwọn olùwádìí kan ní ọ̀rọ̀ ẹnu púpọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi pamọ́ sórí kíláòdù. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́: mo lè kà á, n kò lè yí i padà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 38 GB. Dátà tí mo ń rà lóṣù kan kò lè gbé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe másítà ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni kí n dáńlóòdù gbogbo rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ata rodo lo fẹ́ rà, o wá fẹ́ kó gbogbo ọjà wálé? Jókòó sílé rẹ, kí o béèrè."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1970, Edgar Codd, tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, dábàá nínú ìwé kan pé kí a máa to ìsọfúnni sínú àtẹ, kí ẹni tó ń béèrè sọ ohun tó ń fẹ́ nìkan, láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú bí ẹ̀rọ ṣe tọ́jú rẹ̀. Orí èrò yẹn ni èdè SQL dúró lé. Nígbà tó di 2003, ìlànà SQL ti ní apá kan tí wọ́n ń pè ní SQL/MED, tó dá lórí ìsọfúnni tó wà lóde dátábéèsì. PostgreSQL bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ ìta ní ẹ̀dà 9.1, ní 2011. Nígbà yẹn, ìpamọ́ orí kíláòdù ti wà ńlẹ̀: 2006 ni Amazon ṣí S3 sílẹ̀. Lónìí, oríṣiríṣi àfikún ló wà tó ń ṣe afárá láàárín méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe síńtáàsì yóò tètè lóye bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá kọ CREATE FOREIGN TABLE, n kò kó nǹkan kan wọlé. Orúkọ àtẹ, orúkọ àwọn òpó rẹ̀ àti ibi tí ohun tó ń tọ́ka sí wà nìkan ni dátábéèsì kọ sílẹ̀. Arọ́pò-orúkọ gan-an ni. "Ó" tó wà nínú "Ó ti lọ" kò gbé ẹnikẹ́ni sínú. Ẹni tó wà lóde gbólóhùn ló ń tọ́ka sí. Síbẹ̀, ó ń ṣe olùwà bí ọ̀rọ̀-orúkọ yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni àtẹ ìta: mo lè fi JOIN so ó mọ́ tèmi, kí n fi WHERE yan ìlú tí mo fẹ́, bí ẹni pé orí kọ̀ǹpútà mi ni gbogbo rẹ̀ wà.

Owó ni ìyàtọ̀ ti máa ń hàn. Fáìlì Parquet ni fáìlì wọn, irú èyí tó ń to ìsọfúnni ní òpó-òpó dípò ìlà-ìlà. Ó ń pín àwọn ìlà sí ìdìpọ̀, ó sì sábà máa ń kọ sí ìparí fáìlì ohun tó kéré jù àti èyí tó ga jù nínú òpó kọ̀ọ̀kan ní ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, afárá tó gbọ́n yóò kọ́kọ́ ka ìparí yẹn, yóò fo ìdìpọ̀ tí ohun tí a ń wá kò lè sí nínú rẹ̀, yóò sì gba òpó tí a dárúkọ nìkan. Òpó 14 ló wà nínú fáìlì wọn. 3 péré ni mo fẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló lè rìn dé ọ̀hún. Èyí tí afárá bá lóye ni yóò ṣẹ́kù sí ọ̀nà. Èyí tí kò bá lóye, ṣe ni yóò gbé gbogbo ẹrù wálé kí PostgreSQL tó sẹ́ ẹ, bí ẹni sẹ́ ògì. Àṣẹ EXPLAIN ló máa ń fi èyí tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ hàn.

Ibẹ̀ ni àmì ohùn wa ti di ọ̀rọ̀ owó. Lẹ́tà "ọ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ẹnì kan lè kọ ọ́ bí "ọ" tí a gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé lórí. Ẹlòmíràn á kọ "o", á fi àmì sábẹ́, á tún fi òmíràn sórí. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti "ò", á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. "Bọ́ọ̀lù" inú àtẹ mi àti "bọ́ọ̀lù" inú tiwọn pàdé, wọn kò mọ ara wọn.

Láti ẹ̀dà 13, tó jáde ní 2020, PostgreSQL ti ní normalize(), tó ń sọ irú wọn di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá lò ó lórí òpó tiwọn, gbogbo òpó náà ni yóò kọ́kọ́ wá sílé. Tèmi ló kéré, tèmi ló sì yẹ kó yí padà. Mo kọ ọ̀rọ̀ 214 náà ní gbogbo ìrísí tí wọ́n lè ní, mo sì fi àkójọ yẹn béèrè. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kò jẹ tó 1 GB.

Mo fi ayọ̀ gbé èsì náà lọ bá olùdarí iṣẹ́ mi. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Ó dára. Bí olùyẹ̀wò bá ní kí o fi ohun tí o rí han òun lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé ojú ọ̀run lo máa nàka sí?"

"Rárá, mà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Ta ló ni kọ́kọ́rọ́?"

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi èsì gbogbo sínú MATERIALIZED VIEW, tó ń tọ́jú ìdáhùn fúnra rẹ̀ sílé, mo sì kọ déètì sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ pé. Ọjọ́ 9 ni mo fi dúró kí wọ́n tó fún mi ní òmíràn. Àtẹ ìta mi ṣì wà, pẹ̀lú orúkọ àti òpó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di "ó" tí a kò mọ ẹni tó ń tọ́ka sí. Ìdáhùn tó wà nílé ni mo fi kọ orí kẹrin.

Ní àwọn ọjọ́ 9 yẹn, ohun kan ń jà ní ọkàn mi. Lára àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú fáìlì yẹn, àwọn kan wá láti Ìkirè àti Ọ̀yọ́, ibi tí mo lè wọ ọkọ̀ lọ kí n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sì ń tọrọ ààyè kí n tó ka ohun tí wọ́n wí. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: gbogbo ọdún ni ẹ̀ka wa ń lọ sí ìlú káàkiri láti gba ohùn sílẹ̀. Níbo ni wọ́n wà? Inú fóònù tó ti bàjẹ́, orí fíláàṣì tí ẹnì kan gbé lọ sí ibi àgùnbánirọ̀. Tiwọn jìnnà, ó sì ṣeé béèrè. Tiwa wà nílé, kò sẹ́ni tó lè bi í ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí wọ́n bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́, ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò pé. Ẹ dárúkọ òpó tí ẹ fẹ́. Ẹ pa ìdáhùn yín mọ́ pẹ̀lú déètì. Àtẹ tèmi, àwọn ọ̀rọ̀ 214 náà pẹ̀lú ohùn àwọn tó fọwọ́ sí i pé ká pín in, ti wà níbi tí ẹ lè béèrè láti yàrá yín. Ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ wà, kò sì ní ọjọ́ tí yóò pé.