Mo gun Òkè Ìdànrè, mo gbọ́ ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ kan

Téèyàn bá wọ mọ́tò ní Mówè, tó gba Ìbàdàn àti Ifẹ̀ kọjá, á dé Àkúrẹ́. Ìdànrè ò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa gùn. Orúnkún á sọ̀rọ̀! Àmọ́ ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà.

Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, torí ibẹ̀ làwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Àdán kún inú ihò òkúta. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kan ló gbà mí lọ́kàn jù. Arne Schiøtz, ọ̀mọ̀wé ará Denmark, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ju 40 ọdún lọ táwọn onímọ̀ ò gbúròó rẹ̀, àfi ní 2014 tí ìròyìn jáde pé wọ́n ti tún rí i. Wọn ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíì láyé. Ọmọ rẹ̀ kì í gbénú odò. Ara òkúta tómi fẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn lé lórí ló ti ń dàgbà.

Bí iná ìgbẹ́ bá wá jó ibẹ̀ run ńkọ́? Ọjà wo la ó ti rà á? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ o, kẹ́ ẹ sì kó ọ̀rá omi tẹ́ ẹ bá mu sọ̀ kalẹ̀.