Ẹran Tó Pẹ́ Lórí Iná

Nígbà tí ìyá mi ti Kétu wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, kò fẹ́ jẹun alẹ́ mọ́. A gún iyán fún un, ó fọwọ́ kàn án lásán, ó ní ó tó. A ro ọkà, ó ní kí a gbé e fún àwọn ọmọ. Oúnjẹ náà kò ní àléébù. Ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun fún ọdún 40 ni kò sí mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán, iná mànàmáná sì ti lọ. Ìyàwó mi rìnrìn àjò. Ohun tó wà nílé kò ju kílò ẹran màlúù kan tí mo rà ní ọjà Ouando àti àpò sìpàgẹ́tì kan. Ojú tì mí díẹ̀. Oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àwọn tó ń kánjú jẹun lẹ́bàá títì ni sìpàgẹ́tì. Ṣé ohun tí a ó gbé síwájú àgbà tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn?

Mo dá iná èédú. Mo gé ẹran náà, mo fi iyọ̀, aáyù, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà sí i, mo bu omi lé e, mo gbé e kaná. Ibi ojúgun ni, ó sì yi. Kò pẹ́ tí ìyá mi gbọ́ òórùn rẹ̀, ó gbé àpótí wá, ó jókòó ti ààrò.

“Ta ló kọ́ ọ láti bu omi tó báyìí sí ẹran?”

“Ẹ̀yin ni, Màámi.”

“Irọ́ ni. N kì í bu omi bẹ́ẹ̀.”

Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iná, ó sọ ti ẹran, lẹ́yìn náà ló kan bàbá mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó tuntun, àlejò dé, ẹran tí òun ń sè kò rọ̀, òun sì bú sẹ́kún nídìí ààrò. “Bàbá yín gbé àpótí wá, ó jókòó tì mí. Kò sọ nǹkan kan títí ẹran fi rọ̀.”

Ó ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ kí tiwa tó rọ̀. Mo fi epo ẹ̀pà dín in, mo da ata àti tòmátò sí i títí epo fi yọ lójú rẹ̀, mo dá omi ẹran padà, mo sì ki sìpàgẹ́tì bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 10 péré, ó ti jinná. Mo já ewé efinrin lé e lórí.

A jẹun nídìí àtùpà. Ìyá mi ní okùn yìí gùn jù, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó na àwo rẹ̀ sí mi, kí n bù sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò sọ pé kí ẹ fi iyán sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹran náà bá yára jinná bíi sìpàgẹ́tì, a kì bá tí gbọ́ ìtàn yẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ alápatà, mo máa ń ní kó gé ibi tó yi fún mi.