Ẹja Tí Mo Gbé Sí Bọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bú mi o. Nọ́ọ̀sì tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ se májèlé fún ẹbí rẹ̀ rí.

Oṣù Kejìlá, ọdún 2019 ni. Mo ra ẹja títúsì tó dì gbagidi ní ọjà Oyíngbò, tí kò jìnnà sí ilé wa ní Òtò, mo wé e sínú ọ̀rá, mo jù ú sí bọ́ọ̀tì, ó di Ìbàdàn. Wákàtí méjì ni mo fọkàn sí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sọ ọ́ di márùn-ún. Nígbà tá a fi máa débẹ̀, ẹja ti yọ́, ara rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká da ẹja yìí nù.” Èmi ni mo ní ṣebí kò rùn, iná á pa ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Mo sè é jinná dáadáa.

Kò tó wákàtí kan tá a jẹun tán tí ojú àti ọrùn ẹ̀gbọ́n mi pọ́n bí ata, tí ara ń yún àwọn ọmọ, tí orí ń fọ́ èmi náà. Ọsibítù la gbà lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ oògùn tó ń dá ara yíyún dúró.

Bí títúsì tàbí túnà bá pẹ́ nínú ooru, kòkòrò àìfojúrí á pèsè ohun kan tí wọ́n ń pè ní histamine sínú ẹran ara rẹ̀. Iná ń pa kòkòrò, kì í pa histamine. Ká tún gbé ẹja náà padà sí fírísà, ibi tí ó wà náà ló máa wà. Ó sì lè má rùn rárá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé, bá a bá ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé jáde, inú kúlà oníyìnyín la ń kó o sí, kó lè wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mo mọ èyí bí ẹní mowó, ẹja tọ́mọ mi máa jẹ ni mo wá jù sí bọ́ọ̀tì!

Kúlà ni mo ń gbé báyìí. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ń bu omi sínú ike kó lè dì. Bí wọn ò bá múná wá, mo máa ra yìnyín. Mo ń to ike sísàlẹ̀, mo tún ń to ó sókè, torí òtútù máa ń wálẹ̀ ni. Ẹja á wà nínú ọ̀rá tí mo so pinpin, kómi rẹ̀ má kan oúnjẹ mìíràn. Àyè tó bá ṣófo, mo ń ki táwẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ló ń wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀tì. Omi mímu àwọn ọmọ ní kúlà tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí wọn ò ní í yéé ṣí i.

Bí ẹja tàbí ẹran bá ti lò ju wákàtí méjì lọ láìsí nínú òtútù, ẹ dà á nù. Bí oòrùn bá mú kọjá 32, wákàtí kan péré ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í kí mi tán mọ́ kó tó ṣí kúlà, kó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó fọwọ́ kan yìnyín wò.