Ọmọrí Ìkòkò Tó Kù sí Accra

Ó pẹ́ tí àwọn aládùúgbò ti ń fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá rẹ̀ ní Accra New Town, ó ń jọ yanrìn bí obìnrin ṣe ń jọ èlùbọ́. Wọ́n ní ìfẹ̀yìntì ló fẹ́ dá wàhálà sí i lára. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yanrìn yìí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1969.

Àdúgbò yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní Lagos Town tẹ́lẹ̀, orúkọ yẹn kò sì nílò àlàyé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 9 ni ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá rẹ̀ kò rí ẹni ra ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò àlùmíníọ̀mù ńlá kan rù, wọ́n la Tógò kọjá, wọ́n la Dahomey kọjá, wọ́n dé Ṣakí. Nígbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, ìkòkò wà, ọmọrí rẹ̀ kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á má tan ara wa, Ṣakí kì í ṣe ìlú tí èèyàn ti í wá ọmọrí ìkòkò tì. Wọ́n ń rọ ìkòkò níbẹ̀. Àwọn àbúrò ọkùnrin náà ti ra ọmọrí bíi mẹ́rin fún màmá. Màmá a gbà á, a dúpẹ́, a sì tún gbé àwo tánganran dé ìkòkò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: “Accra ni ọmọrí mi kù sí. Láti Accra ni kó ti wá.”

Ọkùnrin náà padà sí Accra nígbà tó dàgbà, ó ta ẹ̀yà ara mọ́tò títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó lè ra ọmọrí lọ́jà Makola ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá pé ẹni 90 ọdún, ó pinnu pé òun fúnra òun ni yóò rọ ọ́.

Iná kọ́ ni ìṣòro. Àlùmíníọ̀mù a máa yọ́ bí ooru bá dé 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èédú àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré kan sì lè ṣe èyí. Yanrìn ni iṣẹ́ wà. Àwọn asúdẹ Ilé-Ifẹ̀, àwọn tó ṣe orí tí wọ́n wú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ìda ni wọ́n fi mọ ère, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n sì yọ́ ìda náà jáde. Ìyẹn dára fún ère tí a ó ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń rọ ìkòkò ń wá yanrìn tó lè gba àwòrán nǹkan mú, tí yóò tún tú u ká, tí yóò sì tún un lò lọ́jọ́ kejì.

Etíkun Labadi ló kọ́kọ́ lọ. Àpò kan ló bù wálé. Hóró rẹ̀ tóbi, ìkarahun kún inú rẹ̀, iyọ̀ ń jẹ́ kó máa fa omi láti ojú afẹ́fẹ́, kò sì sí amọ̀ kankan tó so ó pọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbé àpótí sókè ni yanrìn ń wó lulẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń rọ ìkòkò ló là á lóye. Agbogbloshie ni onítọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́ kí ìjọba tó wó ọjà àlòkù irin ibẹ̀ ní oṣù keje, ọdún 2021, tí oníkálukú sì wá ibòmíràn lọ. Ó ní, “Alhaji, yanrìn odò ni kí ẹ wá. Ẹ má sì kánjú.”

Bàbá náà fọ yanrìn odò, ó sá a, ó jọ̀ ọ́. Ó sá amọ̀ títí ó fi le bí òkúta, ó gún un lódó, ó jọ òun náà. Agolo mẹ́wàá yanrìn, agolo kan amọ̀. Bí amọ̀ bá kéré, kò ní dì. Bó bá pọ̀ jù, oru kò ní rí ọ̀nà jáde, irin yóò sì kún fún ihò. Omi ńkọ́? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ́n ọn sí i, bí ẹni ń wọ́n omi sí gààrí, wọn a pò ó, wọn a fi àpò tútù bò ó mọ́jú. Ìdánwò rẹ̀ kò ju pé kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un pọ̀. Bí ojú ìka bá hàn lára rẹ̀, tí ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì tó ṣẹ́ ṣáká láì rún, tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti tó. Bí ọwọ́ bá tutù rinrin, ẹ má da irin sí i.

Ìkìlọ̀ ìgbẹ̀yìn yìí ni kò fi ọkàn sí. Òjò pa yanrìn rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ó rò pé oòrùn ti fà á gbẹ. Omi tó di oru a máa fẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 1,600. Bí kò bá sì rí ọ̀nà, á la ọ̀nà. Irin yíyọ́ bú sókè gbàù! Èyí tó bà á lẹ́sẹ̀ jó sálúbàtà rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 6, wà lẹ́yìn rẹ̀ láì mọ̀. Ẹ̀kán irin kan kọjá létí ọmọ náà, ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, ó rí rìbìtì bíi kọ́bọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó gbé ọmọ wọlé, ó tún jáde wá. “Bàbá wọn, ṣé ọmọ lẹ fẹ́ fi san ọmọrí ni?”

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fọwọ́ kan yanrìn. Màmá ń pè lórí fóònù, kò sì lè sọ fún un. Nígbà tó yá, ìyàwó náà ló fúnra rẹ̀ fi òfin lélẹ̀: kò sí ọmọdé nínú àgbàlá, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni wíwọ̀, kí ó fi aṣọ bo imú nítorí eruku yanrìn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kí ó sì tẹ́ yanrìn gbígbẹ sórí símẹ́ńtì, torí símẹ́ńtì náà a máa ní omi nínú, a sì máa bẹ́ bí irin gbígbóná bá kàn án.

Àbúrò rẹ̀ fi òwú wọn ẹnu ìkòkò ní Ṣakí, ó fi rán awakọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 40 ni. Àlùmíníọ̀mù a máa súnkì bó bá ń tutù, nǹkan bíi mílímítà 13 nínú mítà kan, nítorí náà ó wé tépù mọ́ etí ọmọrí tó fẹ́ fi ṣe àwòkọ títí ó fi fi mílímítà 5 tóbi sí i. Férémù fèrèsé nìkan ló yọ́. Kò fẹ́ àlòkù tí òjé lè wà nínú rẹ̀, nítorí ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017, lórí ìkòkò àti abọ́ 42 láti orílẹ̀-èdè 10, ti fi hàn pé òjé ń ti ara púpọ̀ nínú wọn bọ́ sínú oúnjẹ. Ó wọ́n èédú kíkúnná sí ojú yanrìn kí apá méjèèjì má baà lẹ̀, ó gún un le, ó fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ lu ihò fún oru. Lẹ́yìn náà ló bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ. Ó bu òmíràn, ó tún ṣẹ́ ẹ.

Ọmọrí náà dé Ṣakí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Apá kan ojú rẹ̀ rí hárahàra, ṣùgbọ́n kò ní ihò. Màmá pe fóònù.

“Ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣùgbọ́n ó dé e.”

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́? Ó ti jinná?”

Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀. Ògiri ni ìyàwó rẹ̀ ń wò.