Ohun Tí N Kò Gbọdọ̀ Gbé Lọ sí Rubondo

Kò yé ìyá mi bí ènìyàn ṣe lè fi ọdún méjì tu owó jọ, kí ó wá fi í sanwó àgọ́ nínú igbó. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé òrùlé yín ń jò ni?" ni wọ́n bi èmi àti ọkọ mi lórí fóònù. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ìpinnu wa kò yẹ̀. Erékùṣù Rubondo, nínú Adágún Victoria ní orílẹ̀-èdè Tanzania, ni a ó ti ṣe àjọyọ̀ ọdún márùn-ún ìgbéyàwó wa. Ní ọdún 1977 ni ìjọba ibẹ̀ sọ erékùṣù náà di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè. Kò sí ìlú lórí rẹ̀, kò sí ọjà. Igbó ni, omi ni, pẹ̀lú àgọ́ díẹ̀ létí omi fún àlejò.

Bí ẹ kò bá tíì lọ sí irú ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ilé ni ìrìn àjò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbàgbé, ẹ kò ní rí i rà. Ohun tí ẹ bá sì gbé ní àgbéjù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń gbé èrò sọdá adágún láti Mwanza kò ní gbà á. Kílò 15 péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nínú báàgì aláṣọ tó ṣe é tẹ̀ pọ̀, àpamọ́wọ́ wà nínú ìṣirò náà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Èmi tí mo máa ń gbé àpótí méjì lọ sí ìgbéyàwó ọjọ́ méjì ní Ìbàdàn ni mo wá ń gbé bàtà lé orí òṣùwọ̀n bí ẹni tó ń wọn wúrà.

Ọkọ mi náà dárò aṣọ rẹ̀. Aṣọ dúdú àti aláró ló pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀, àwọ̀ méjèèjì yìí gan-an sì ni eṣinṣin tsetse, tí ń géni jẹ, máa ń sáré bá. Ó lọ ra ṣòkòtò aláwọ̀ erùpẹ̀ méjì. Èmi tú gbogbo náílọ́ọ̀nù tí mo fi di ọṣẹ àti bàtà, nítorí Tanzania ti fòfin de àpò náílọ́ọ̀nù láti ọdún 2019. Mo rán àpò àǹkárá dípò wọn. Mo fi súwẹ́tà sí i, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ga, àṣálẹ́ a sì máa tutù. Tọ́ọ̀ṣì wọ inú báàgì, oògùn ibà náà wọlé.

Ó ku abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tí Tanzania ń béèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. A gbọ́dọ̀ gbà á, ó kéré tán, ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn àjò. Ẹnìkan ní kí a má dara wa láàmú, kí a kàn sanwó kí wọ́n bá wa kọ káàdì láìgba abẹ́rẹ́. A kọ̀, inú mi sì dùn sí ara mi. N kò mọ̀ pé ìdánwò gan-an ṣì ń bọ̀.

Ìyá mi kò dẹ́kun ìbéèrè. Kìnnìún ńkọ́? Mo ní kò sí níbẹ̀. Ọ̀nì ńkọ́? Mo ní ọ̀nì àti erinmi wà nínú omi, ìdí nìyẹn tí a kò fi ní wẹ̀ nínú rẹ̀, tí a kò sì ní jáde nínú àgọ́ lálẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wa. Wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Mo ṣe àmín.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a gbéra ni ọ̀fìnkìn mú mi. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, ikọ́ ti dé.

Nítorí àwọn ìnàkí ni a ṣe ń lọ, a sì ti san owó ọ̀tọ̀ láti rí wọn. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí mo ti kà kọjá wéré tẹ́lẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, ìbáà ṣe ọ̀fìnkìn lásán, kò gbọdọ̀ tọ àwọn ìnàkí lọ.

"Ta ni yóò mọ̀?" ni ọkọ mi wí. "Mu oògùn ikọ́, kí o fi ìbòmú bo imú." Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà ló sọ jáde. Mo tilẹ̀ ti ń ro bí n ó ṣe gbé ikọ́ mì nígbà tí wọ́n bá ń bi wá léèrè.

Lóru, nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kí n sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn tí mo fẹ́ lọ kí. Láàárín ọdún 1966 sí 1969, ẹgbẹ́ olùtọ́jú ẹranko kan láti Frankfurt ní Jámánì tú ìnàkí 17 sílẹ̀ ní Rubondo. Igbó Áfíríkà ni a bí wọn sí. Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn, níhà ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ni a ti mú lára wọn. A kó wọn lọ sínú àhámọ́ ní Yúróòpù kí èrò lè máa wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n padà dé inú igbó, wọ́n tún mọ bí a ṣe ń wá oúnjẹ àti bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn sórí igi. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ló wà níbẹ̀ lónìí.

Mo tún kà nípa igbó Taï ní Côte d'Ivoire. Ní ọdún 1999, 2004 àti 2006, àrùn èémí jà láàárín àwọn ìnàkí ibẹ̀, ó sì pa nínú wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ òkú wọn wò, kòkòrò àrùn tí ń fa ọ̀fìnkìn àti ikọ́ fún ènìyàn ni wọ́n bá lára wọn. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ràn wọ́n.

Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń ṣe ìmúrasílẹ̀ de ohun tí igbó lè fi ṣe mí. N kò bèèrè rí ohun tí èmi lè fi ṣe igbó. Bẹ́ẹ̀ bí ọmọ ìkókó bá wà nílé tí a fẹ́ yà, tí ara wa kò sì yá, ẹnu ọ̀nà ni a ti máa ń kí wọn. Kò sí ẹni tó ń kọ́ wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún ọkọ mi pé n ó kọ̀wé sí wọn. "Owó náà ńkọ́?" ni ó bi mí. N kò rí èsì fún un. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dáhùn pé kí a máa bọ̀, pé ọkọ̀ ojú omi àti igbó etí omi wà fún mi, ṣùgbọ́n bí ikọ́ náà kò bá lọ pátápátá, n kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn ìnàkí. Owó kò sì ní padà. Ọkọ mi dákẹ́ títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó ní bí n kò bá lọ, òun náà kò lọ. Mo ní kí ó lọ, kí ó wá ròyìn fún mi.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, báàgì mi wọn kílò 14. Mo fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sí i, nítorí odídẹrẹ́ wà ní Rubondo, èyí tí a gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi wọ́n ṣòwò lọ́nà àìtọ́, tí a sì tú sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2000. Òkèèrè ni a ti máa ń wo ẹyẹ.

Ìyá mi pè. "Ikọ́ yẹn kò tíì lọ?"

"Kò tíì lọ tán, Mà. Mo ti sọ fún wọn."

"O ṣeun," ni wọ́n wí. "Bí a ṣe ń lọ sílé onílé nìyẹn."